Àáró Lórí Ayélujára

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ìkànnì ayélujára fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú àwọn amọ̀kòkò. Inú ìkànnì yẹn ni wọ́n kó ohùn àwọn ìyá àgbà sí, àwọn tó mọ bí a ṣe ń po amọ̀, bí a ṣe ń fín ìkòkò lára, àti orin tí wọ́n ń kọ bí wọ́n bá ń sun ún. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá náà ti kú. Ohùn wọn ló kù. Ọmọ wọn tó wà ní Kádúná tàbí ní òkè òkun kàn máa tẹ fóònù rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ kan nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ló ń gbé gbogbo èyí. Ọkùnrin yìí ní ń nu eruku ara ẹ̀rọ náà, òun ní ń ṣọ́ iná rẹ̀, òun náà ní ń lé àwọn olè orí ayélujára sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lè kú nígbàkigbà, nítorí náà ó bá obìnrin kan tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí ṣe àdéhùn. Obìnrin náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ìlú àwọn ahunṣọ. Wọ́n ṣe é bí àáró tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe: lónìí ká ro oko rẹ, lọ́la ká ro tèmi. Ọkùnrin náà ń bá obìnrin náà tọ́jú ẹ̀dà nǹkan ìlú rẹ̀, obìnrin náà ń bá a tọ́jú tirẹ̀. Bí ibì kan bá bàjẹ́, ibì kejì wà.

Ó lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò gígùn ni àwọn ahunṣọ ń kó jọ, kí ènìyàn lè rí bí ọwọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí òfì. Ohùn lásán ni ti àwọn amọ̀kòkò. Ti obìnrin náà wá ń gba àyè ju ti ọkùnrin náà lọ, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń ṣe àáró kì í wọn oko ara wọn, ṣùgbọ́n òun wọ̀n ọ́n. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wá àyè lórí ẹ̀rọ fún àwòrán gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n kọ́, ó pe obìnrin náà, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kí ó wá kó ẹrù rẹ̀. Obìnrin náà kò jà. Ó kó o, ó sì dúpẹ́ fún ìgbà tó ti bá a gbé e.

Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti gbà pé àáró ti tú, àti pé obìnrin náà ti pa ẹ̀dà tirẹ̀ rẹ́. Ó ṣe ẹ̀dà mìíràn fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sórí pẹpẹ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá. Wo irú àṣìṣe yẹn. Ó dà bí ẹni tó gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì, tó wá so ó mọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, àrá sán lu òpó iná ẹ̀yìn ilé. Bí ọkùnrin náà ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá, òórùn wáyà jíjó ló pàdé rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ti jó. Ẹ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti jó.

Kò tíì jáde níbẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Obìnrin kan ló ń pè láti Kádúná, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá amọ̀kòkò tó ti kú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "màmá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọkùnrin náà ní kí ó fún òun láyè díẹ̀. Kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi àyè náà ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rò pé ó lè mọ bí a ṣe ń yọ nǹkan lára ẹ̀rọ tó jó. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó pe obìnrin ìlú àwọn ahunṣọ. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó ní ìmọ̀ràn nìkan ni òun ń wá, òun ò lẹ́nu láti bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Àbúrò mi, kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ jíjó ṣe?" obìnrin náà dá a lóhùn. "Nǹkan yín wà lọ́dọ̀ mi."

"Ṣùgbọ́n mo ní kẹ́ ẹ kó ẹrù yín kúrò lọ́dọ̀ mi."

"O ní kí n kó tèmi. O ò ní kí n da tìrẹ nù."

Ó wá sọ fún un pé oṣooṣù ni òun ń ṣí àwọn ohùn náà, kí òun lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń dún. Ó ní òun ti gbọ́ wọn títí, òun náà lè mọ ìkòkò báyìí, àfi pé yóò máa jò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà. Ohùn kan tó gbà sílẹ̀ lẹ́yìn tí àáró tú kò sí níbì kankan. Ìyá kan tó ṣì wà láàyè ló ni ohùn náà, ọkùnrin náà sì ní láti lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ìyá náà bi í léèrè bóyá ti àkọ́kọ́ kò dùn tó ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú ń sọ̀rọ̀, obìnrin Kádúná sì gbọ́ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà wọkọ̀ lọ sí ìlú àwọn ahunṣọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bẹ obìnrin náà kí ó dá ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ òun. Obìnrin náà ní òun yóò dá a padà, bí kò bá sáà ti ní wọ̀n ọ́n.

Ìwọ tí mo ń pa àkàwé yìí fún, o mọ bí ẹrù tí o ń bá ẹlòmíràn gbé ṣe wúwo tó, nítorí pé ọrùn rẹ ló wà. Èyí tí ẹlòmíràn ń bá ọ gbé kò sí lọ́rùn rẹ, o sì rò pé kò sí rárá. Ronú dáadáa. Ó lè jẹ́ aládùúgbò tó ń wo ilé rẹ bí o bá rìnrìn àjò. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí ẹ jọ ń yan odì, tó ṣì ń pe ọmọ rẹ lórí fóònù kí ó lè mọ bí ìwé rẹ̀ ṣe ń lọ. Pe ẹni náà lónìí. Má tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ fún un pé o mọ̀, kí o sì dúpẹ́.