Ẹfọ̀n àti Àwọn Ará Inú Ikùn Rẹ̀

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fìrì, ó já sílé Ẹfọ̀n, oníwàdùwàdù.

Ẹ̀yin ọmọ, Ẹfọ̀n ò rígbẹ́ yà. Ọ̀dá ti dé, ẹbí rẹ̀ sì fẹ́ ṣí lọ sétí odò. Ó mu àgbo asunwọ̀n, ó yà á gbuuru. Nígbà tó yá, kò tún rí i yà. Ó mu ìlọ́po méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mu ún títí kò fi lè dìde mọ́. Ni àwọn ẹ̀dá wínníwínní tó ń gbé inú ikùn rẹ̀ bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹfọ̀n, o gbá wa dànù o —
Tẹ̀rẹ̀ná!
Àwa là ń mú oúnjẹ rẹ dà —
Tẹ̀rẹ̀ná!
A ò ju díẹ̀ lọ mọ́ o —
Tẹ̀rẹ̀ná!

Ẹ̀rù ba Ẹfọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ọkọ mi, ẹ gbé àgbo sílẹ̀. Ẹ jẹ ewébẹ̀, ẹ mu omi dáadáa, ẹ fi omi ògì kíkan kún un. Àwọn tó kù á tún bí sí i.”

Ẹbí ṣí lọ. Ìyàwó nìkan ló dúró tì í. Ẹfọ̀n ṣe bí ìyàwó rẹ̀ ti wí. Díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ tòrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yàgbẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dìde, àwọn méjèèjì sì tọ ipasẹ̀ ẹbí lọ sódò.

Bí irọ́ bá wọ àlọ́ mi, kí ahọ́n mi lọ́ mọ́ mi lẹ́nu!