Bí Àgbébọ̀ Ṣe Gba Ọrùnpá Lána

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, òṣùpá ti yọ. Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi fò, ó bà sórí Àgbébọ̀, ìyá àwọn adìẹ Agbo-ilé Òkè. Ìyẹ́ rẹ̀ ń dán, ó sì ti pàṣẹ pé ọmọ Òkè ni ọmọ Òkè gbọ́dọ̀ fẹ́. Nígbà tó yá, ẹyin ilé wọn kì í di ọmọ mọ́. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀, sàba lẹ́ẹ̀kíní, ẹyin dákẹ́. Ó sàba lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún dákẹ́, bí Àgbébọ̀ ti ń kọrin sí wọn tó. Ẹ gbè é o:

Ọmọ mi, fọ́ èèpo rẹ
*Kọ́ọ̀ kọ́, jáde o!*
Ìyá àgbà ń retí rẹ
*Kọ́ọ̀ kọ́, jáde o!*

Ni Ọrùnpá, àkùkọ Agbo-ilé Odò, bá wá tọrọ Àwẹ̀ró. Adìẹ bíi tiwọn ni, ṣùgbọ́n ọrùn àwọn ará Odò kò ní ìyẹ́.

Àgbébọ̀ bi í pé, "Ta ló tu ìyẹ́ ọrùn ẹ? Ṣé wọ́n ti gbé omi ọbẹ̀ kaná ni?"

"Ooru ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yípo nílé yìí, ìdí nìyẹn tí ẹyin yín kò fi di ọmọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí tèmi kún un."

Àgbébọ̀ wo ẹyin tó dákẹ́. "Ó dáa. Ẹ fẹ́ra yín."

Àwẹ̀ró sàba lẹ́ẹ̀kẹta. Àgbébọ̀ kọrin, ẹyin dáhùn: píó, píó! Èyí tó jáde gbẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ pá bíi ti bàbá rẹ̀. Gbogbo ilé ń wo ẹnu Àgbébọ̀.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ fẹ́ kí òtútù mú ọmọ mi?"

Ó sì fi ìyẹ́ rẹ̀ tó ń dán bo ọrùn kékeré náà.

Bí mo bá purọ́ fún yín, kí àkùkọ má kọ lọ́la.