Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Àgbà Fi Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Jí

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń pẹ́ jí. Bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ á là láìpariwo.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan létí odò. Òun nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Baálé kan, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ló ń darí gbogbo ará inú rẹ̀: Eku tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ tì kiri, Gbohùngbohùn tó ń kọrin, Dígí tó ń fi àwòrán hàn, àti Ìyá Abẹ̀bẹ̀, àgbà obìnrin tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kí ooru má baà pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń rán baálé jáde láti ìlú ńlá kéde pé: "A ti kó ọdẹ wa kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn baálé àtijọ́. Ẹni tí olè bá jà, kó má pè wá. Ẹ gba baálé tuntun!"

Inú bí Ìyá Abẹ̀bẹ̀. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ṣé nítorí pé olówó fẹ́ tajà ni tálákà kò ṣe gbọdọ̀ sùn?

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ baálé àtijọ́. Ó dìde, ó lọ. Tíṣà Mọ́rẹ́nikẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà, sì mú Baálé Tuntun wọlé.

Baálé Tuntun dé tòun ti ẹrù rẹpẹtẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lára Ìyá Abẹ̀bẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Orúkọ àwọn ará ilé mìíràn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń pè wọ́n.

"Ẹlẹ́sẹ̀-ire, gbéra!" ló sọ fún Eku.

"Èmi kọ́ lò ń pè," ni Eku wí. Kò mira.

"Olóhùn-iyọ̀, kọrin!" Gbohùngbohùn panu mọ́. Dígí náà ṣú dùdù.

Baálé Tuntun pòṣé. "Ilé yìí ti gbó jù. Ẹ gbé e lọ sí ààtàn."

Níta, Tíṣà Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà lórí. "Ẹ dákun, ẹ jí," ló ń sọ jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní bí ẹ kò bá jí lónìí, àwọn tó ń kó pàǹtí yóò gbé yín. Kí ni àwọn ọmọ yìí máa wá fi kẹ́kọ̀ọ́?"

Ìyá Abẹ̀bẹ̀ gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrìfìrì, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ilé ló gbó ni, àbí ẹnu rẹ ni kò mọ ẹ káàárọ̀?"

"Ìyá, iṣẹ́ ni mo wá ṣe, n kò wá kí èèyàn."

"Ta ni yóò bá ọ ṣe iṣẹ́ ọ̀hún? Ẹrù rẹ?" Eku bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Abẹ̀bẹ̀ kò tíì sọ tán. "Gbọ́ o! Bí wọ́n bá gbé ilé yìí dé ààtàn, inú rẹ̀ ni wàá wà."

Baálé Tuntun yíjú sí i. Kò tíì ro ìyẹn rí.

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Kó ẹrù tí o kò nílò síta, yàrá wa kéré. Lẹ́yìn náà, béèrè orúkọ kálukú, kí o sì kí i kí o tó jókòó. Láràárọ̀ ni o."

"Láràárọ̀? Á mà pẹ́ o!"

"Jẹ́ kó pẹ́. Èmi ni n ó máa mú ọ kiri."

Baálé Tuntun dọ̀bálẹ̀. Ìyá Abẹ̀bẹ̀ ṣíwájú, ó ń pariwo orúkọ, baálé náà ń tẹ̀ lé e, ó ń kí wọn. Eku mira. Gbohùngbohùn wúkọ́, ó kọrin. Dígí là díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tàn sí Tíṣà Mọ́rẹ́nikẹ́ lójú.

Nígbà tí àwọn tó ń kó pàǹtí dé, àwọn ọmọ ni wọ́n bá nídìí kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n yí ọmọlanke wọn padà.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà àgbà ti ń hó bí ìkòkò nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tí ojú rẹ̀ sì ń pẹ́ là. Ìyá Abẹ̀bẹ̀ ló ń mú baálé kiri yàrá. Àwọn tó ní tuntun láti tà yóò sọ fún yín pé ó ti gbó. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, wọn kò tíì kí ara wọn tán ni.