Ìdí Tí Ìwo Àgbò Fi Tẹ̀, Tí Inú Rẹ̀ Sì Ṣófo

Nígbà láéláé, nígbà tí ìwo ṣì ṣeé bọ́ lórí bí ẹni bọ́ fìlà, ìwo àgbò kò tẹ̀ rárá. Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ odó, inú rẹ̀ sì dí pinpin.

Àgbò kan wà ní abúlé kékeré kan lórí òkè, ní ilẹ̀ àwọn Júù, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà àti igi ólífì. Bí ó bá ń lọ lọ́nà, kì í wo ilẹ̀. Ó ní ojú sánmà ni irú òun ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ ẹ̀fọ́ olóko mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní oṣù keje ọdún wọn, àwọn ará abúlé náà a máa ṣe àjọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni Ọjọ́ Ìpè, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, tí wọ́n ń fun ìwo, tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run ń ṣí ìwé Rẹ̀, tí Ó ń kọ orúkọ ẹni tí yóò rí ire ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni Ọjọ́ Ètùtù, tí wọn kì í jẹ, tí wọn kì í mu, títí ìràwọ̀ mẹ́ta yóò fi yọ, tí Ọlọ́run yóò pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn náà ni Àjọ Àgọ́, tí olúkúlùkù ń gbé inú àgọ́ ẹ̀ka igi fún ọjọ́ méje.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ yìí, wọn a máa lọ láti ilé dé ilé láti bẹ ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀. Àwọn àgbà wọn ní bí ènìyàn bá ṣẹ aládùúgbò rẹ̀, Ọlọ́run kì í dá sí i, àfi bí aládùúgbò náà bá kọ́kọ́ gba ẹ̀bẹ̀.

Lọ́dún kan, ìpè abúlé, ìwo ẹtu kan tó ti gbó, là mọ́ Bàbá Eliásárì, afunpè wọn, lẹ́nu ní Ọjọ́ Ìpè gan-an. Bàbá ní, "A nílò ìwo mìíràn tí a ó fun ní ìparí Ọjọ́ Ètùtù. Bí kò bá dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣínu. Ẹni tí kò bá jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ ni kó mú ìwo wá."

Màlúù ló kọ́kọ́ yọjú. Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Wọ́n rántí ọ̀rọ̀ ẹgbọrọ màlúù wúrà tí àwọn baba ńlá wọn bọ bí òrìṣà láyé àtijọ́, wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Inú Àgbò dùn dẹ́yìn. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó kí ohùn ìwo rẹ̀ máa gòkè lọ bá Ọlọ́run, kí gbogbo ayé sì máa bi ara wọn pé ìwo ta nìyẹn. Lọ́jọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

Ó lọ bá Oyin lórí òdòdó. "Oyin, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, forí jì mí."

"A ò ríra wa rí," ni Oyin wí.

"Ṣáà forí jì mí."

Oyin forí jì í, kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Àgbò bẹ àdàbà, ó bẹ ológoṣẹ́, ó bẹ òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Ó fọ irun rẹ̀ funfun báláú. Ó gbààwẹ̀ pẹ̀lú: ó ní òun kò ní fẹnu kan ẹran títí oṣù yóò fi parí. Àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Àgbò yìí mà níwà o." Àgbò náà sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ilé kan ṣoṣo ló ń yà fún. Ilé Ìyá Mílíkà ni, opó kan tó ń gbé lábẹ́ òkè. Lésìí, nígbà Àjọ Àgọ́, Àgbò fi ìwo rẹ̀ ti àgọ́ Ìyá Mílíkà wó, ó sì jẹ òrùlé rẹ̀. Ó jẹ okùn tí wọ́n fi dì í pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ọkọ ìyá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ okùn yẹn kó tó kú. Nígbà tí wọ́n bi Àgbò, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọjọ́ Ètùtù pé. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé péjọ nínú aṣọ funfun, ikùn wọn ń kùn. Àgbò bọ́ ìwo rẹ̀, ó gbé e lé Bàbá Eliásárì lọ́wọ́, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ sí àwọn èrò kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Bàbá fun ún. Kò dún. Ó tún fun ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìwo kò fọhùn.

"Bàbá, ọbẹ̀ ẹ̀wà wa ń tutù," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn.

Bàbá yọjú wo inú ìwo náà. "Àgbò, nǹkan dí i. Ó jọ pé awáwí ni. Ta ni o kò tíì bẹ̀?"

"Mo ti bẹ gbogbo ayé, Bàbá. Ẹ bi Oyin."

"Ó bẹ̀ mí lóòótọ́," ni Oyin wí, "ṣùgbọ́n n ò tíì mọ ohun tó ṣe fún mi."

Àgbò gbójú sókè bí ìṣe rẹ̀. Ìràwọ̀ kan ti yọ. Ẹ̀rù bà á. Bí ìkẹta bá yọ, ìwé yóò padé, kò sì sí orúkọ òun níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì rí Ìyá Mílíkà níwájú rẹ̀ gan-an, tó fara ti ọ̀pá.

"Ìyá, ẹ kú àwẹ̀ o. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí àgọ́ yín lésìí…"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ oṣù keje yìí…"

Ìràwọ̀ kejì yọ.

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àgbò kúnlẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Mo ti àgọ́ yín wó. Mo jẹ òrùlé rẹ̀. Mo jẹ okùn tí bàbá lọ́, mo sì mọ̀ pé bàbá ló lọ́ ọ. Mo parọ́ mọ́ afẹ́fẹ́." Ó bú sẹ́kún.

Lọ́wọ́ Bàbá Eliásárì, ìwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bí Àgbò ṣe ń jẹ́wọ́ ni ó ń tẹ̀ sí i, bí àgbàlagbà tó ń foríbalẹ̀. Eruku gbígbẹ sì ń dà jáde nínú rẹ̀ títí inú rẹ̀ fi ṣófo.

"Ó dùn mí," ni Ìyá Mílíkà wí. "Odindi ọdún kan ló fi dùn mí. Okùn yẹn nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù sí mi lọ́wọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo forí jì ọ́. Lọ́la, wá bá mi ru ẹ̀ka igi àgọ́ tuntun."

Bàbá fun ìwo náà. Ó dún. Kì í ṣe ohùn ìgbéraga tí Àgbò ti ń lálàá rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń sunkún ni, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ dé inú ọkàn wọn. Bí ó ṣe dákẹ́ ni ìràwọ̀ kẹta yọ. Wọ́n sáré lọ sídìí ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé ìwo ta nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Àgbò ru ẹ̀ka igi fún Ìyá Mílíkà. Ó jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í. Ihò kan wá kù sórí òrùlé àgọ́ tuntun náà. Àgbò fẹ́ lọ wá ẹ̀ka mìíràn, Ìyá Mílíkà ní kó fi í sílẹ̀, òun fẹ́ máa ti ibẹ̀ wo ìràwọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òrùlé àgọ́ wọn kì í ti í dí tán. Láti ọjọ́ yẹn kan náà ni ìwo àgbò ti tẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, tí wọ́n ń fi í ṣe ìpè. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnìkan bá wá bá yín tó ní, "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí," ẹ kọ́kọ́ wo ìwo orí rẹ̀ bóyá ó ṣì dúró ṣánṣán.