Àwẹ̀ró Fi Lílé Orin Rúbọ

Àwọn tí ń gbe orin lábẹ́ igi ìyeyè ti ń dín kù. Ìbànújẹ́ yìí ló gbé Àwẹ̀ró dé ọ̀dọ̀ Efúnyẹmí, ìyá arúgbó tí ń da ẹẹ́rìndínlógún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, Àwẹ̀ró a jókòó sórí àpótí rẹ̀, a lé orin, ará àdúgbò a sì gbè é. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú wọn wá. Orin ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ́ wọn, nítorí kò bí ọmọ tí ì bá fi í sílẹ̀ fún. Bí agbo yìí bá tú, orin náà yóò bá a wọlẹ̀ lọ. Ẹ̀rù èyí ń bà á gidigidi.

Efúnyẹmí da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ire agbo ni mo rí, Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ẹbọ wà níbẹ̀. Se ẹ̀wà pẹ̀lú epo àti iyọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wá jẹ nínú rẹ̀. Èyí kò nira. Lílé orin ni ìwọ yóò fi rúbọ. Gbé àpótí rẹ sáàárín agbo, kí ẹni tó bá wù ú jókòó lé e, kí ó lé orin, kí ìwọ máa gbè é títí òṣù tuntun yóò fi lé. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, má tún un ṣe.”

Èyí ni ó nira fún Àwẹ̀ró. Bí ẹnìkan bá ṣi ohùn gbé lágbo rẹ̀, òun a pàtẹ́wọ́, a ní kí gbogbo wọn tún un bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn wà tí orin kan ṣoṣo kì í parí. Òun pe èyí ní ìtọ́jú orin. Àwọn ará àdúgbò ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é, wọn kò kàn jẹ́ kó gbọ́ ni.

“Ìyá, tí wọ́n bá ba orin ìyá mi jẹ́ ńkọ́?”

“Èyí tí wọ́n bàjẹ́ ṣì wà lẹ́nu wọn, ọmọ mi. Èyí tí ìwọ nìkan tọ́jú, ẹnu ta ni yóò wà?”

Ẹbọ kan náà ni ìyá yìí yàn fún Ògúntóyè, tí ń lé orin ní àdúgbò ìsàlẹ̀, tí agbo tirẹ̀ náà ń dín kù. Ògúntóyè pòṣé. Ó ní kí òun, akọrin láti ilé baba òun, wá máa gbe orin elórin? Ó se ẹ̀wà náà lóòótọ́, àmọ́ inú ilé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́ sí.

Nígbà tí Àwẹ̀ró bu ẹ̀wà tirẹ̀ fún agbo, èrò pọ̀. Nítorí ẹ̀wà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe wá, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Kò sẹ́ni tó láyà láti jókòó sórí àpótí náà, àfìgbà tí Ọ̀jẹ́wùmí, ọkùnrin tí ń hun agbọ̀n, bọ́ síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó lé orin tí baba rẹ̀ fi ń hun agbọ̀n. Bó ti ń ṣi ohùn gbé ni ahọ́n ń yún Àwẹ̀ró, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bu ẹ̀wà sẹ́nu kó má baà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ègbè dé, ó yára gbé ẹ̀wà mì, ó la ohùn. Ohùn ọ̀tún gbé tirẹ̀, ohùn òsì tì í lẹ́yìn. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, nítorí òun ni ó máa ń wà níwájú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Láti ọjọ́ náà, olúkúlùkù ń gbé orin ilé rẹ̀ wá, wọ́n sì ń lé orin ìyá Àwẹ̀ró mọ́ ọn. Agbo kún títí wọ́n fi gé lára ẹ̀ka igi ìyeyè kí àyè lè gbà wọ́n.

Ní ìsàlẹ̀, Ògúntóyè lé orin tó dùn bí oyin, ó dúró de ègbè. Ewúrẹ́ kan ló dá a lóhùn lẹ́yìn ògiri. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ti wà lórí àpótí Àwẹ̀ró.

Òṣù tuntun lé. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró wá gba ìjókòó rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn tẹ́ òun lọ́rùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ sí odò, ó gbọ́ tí àwọn ọmọbìnrin tí kò kọ́ lórin rí ń kọ orin ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Wọ́n ṣi ẹsẹ̀ kan kọ pátápátá. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbè é fún wọn bí wọ́n ti ń ṣì í.

Báyìí ni ire ṣe bá ẹni tó gbọ́ rírú ẹbọ, tó sì rú u. Ògúntóyè tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín kábàámọ̀ nínú agbo òfìfo, títí ó fi rìn lọ sábẹ́ igi ìyeyè, tí ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà bá wọn gbè é.