Ìjẹ Orímisàn àti Imú Akàn

Ní ìletò àwọn apẹja kan létí ọ̀sà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Orímisàn. Òun ni àkọ́bí, òun ló sì jogún ojú omi tí bàbá rẹ̀ ń dẹ ìgèrè akàn sí. Ṣùgbọ́n òfin ìletò náà le: ẹni tí ìgèrè rẹ̀ bá ṣófo ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta léraléra, wọn yóò gba ojú omi rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní omi kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Láràárọ̀ ni Orímisàn máa ń bu omi ọ̀sà tọ́ wò. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ fún oṣù méjì gbáko, àwọn odò òkè ya wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ sì pòórá nínú omi. Orímisàn tọ́ ọ wò, ó ní láìsí iyọ̀ nínú omi, imú akàn ti dí nìyẹn, kò lè mọ ìjẹ rere yàtọ̀ sí búburú mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ ẹja tó yẹ kó fi ṣe ìjẹ, tó sì ń ki èèpo àgbọn tó rẹ sínú omi tí wọ́n fi fọ ẹja bọ inú ìgèrè.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́ladùn, ń dẹ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ojúlówó ẹja ló sì ń lò. Orímisàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbé ọbẹ̀ síwájú òkú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ọmọ́ladùn wí, “omi lẹ tọ́ wò, ẹ ò tíì bi akàn léèrè.”

Lọ́jọ́ ọjà kìíní, ìgèrè Orímisàn ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣófo. Lọ́jọ́ kẹta, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá nígbà tí omi fà. Ìgèrè ẹ̀gbọ́n kò mú nǹkan kan, ti àbúrò kún dẹ́nu. Orímisàn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ pé òun kọ́, òjò ló dí akàn nímú.

Baálẹ̀ fi àjẹ̀ ìtukọ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ẹrẹ̀. Ipasẹ̀ akàn wà níbẹ̀ lọ súà. Wọ́n ti wá tààrà dé ẹnu ìgèrè Orímisàn, wọ́n yí padà níbẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ Ọmọ́ladùn lọ.

“Wọ́n gbọ́ òórùn ìjẹ rẹ,” ni Baálẹ̀ wí. “Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọn kò fẹ́.”

Orímisàn wo ipasẹ̀ náà títí dé ẹnu ìgèrè àbúrò rẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀pá tí bàbá wọn fi sàmì sí ojú omi náà tu, ó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà etí ọ̀sà bá rí ẹni tó ń di ẹ̀bi ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ ru ìgbà, òwe tí wọ́n ń pa fún un ni pé: òjò lè gba iyọ̀ lọ́wọ́ ọ̀sà, kò lè gba imú lọ́wọ́ akàn.