Ẹní Tó Ń Sunkún Nínú Igbó Ìrántí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún mi ní etí yín, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí wúwo, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e. Ìtàn Tolúwanimí ni, ọdẹ ìlú Òkè-Ìrọ̀rùn, ọkùnrin tó ga bí igi ìrókò, tí ojú rẹ̀ mú bí ojú àṣá, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ bí òwú tuntun. Kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Inú agbọ̀n ni wọ́n ti bá a ní ẹnu ọ̀nà Ilé Àánú, ilé tí Màmá Dọ́káàsì dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ní ẹni. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló ti kọ́ orin ìyìn, ibẹ̀ náà ló sì ti jáde lọ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Nígbà tó dàgbà, Màmá fi í ṣe akọ̀wé ilé náà, kí ó máa bá wọn tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn olóore.

Tolúwanimí sì tọrọ. Ó tọrọ nígbà òjò, ó tọrọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́tà kan náà ló ń kọ sí gbogbo ènìyàn: "A kò ní èyí, a kò ní ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú wa." Bí ẹnì kan bá fún un, yóò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kọjá sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Díẹ̀díẹ̀, àwọn olóore bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù bí omi odò nínú ọyẹ́. Àwọn tó máa ń sáré wá ṣílẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n sọ pé àwọn kò sí nílé. Nígbà tó yá, Màmá Dọ́káàsì pè é jókòó.

"Tolúwanimí ọmọ mi, bí Ìkórè bá dé tí ọ̀nà kò là, àwọn ọmọ mọ́kànlá yìí, a máa pín wọn fún ẹni tó bá lè gbà wọ́n. Ìdílé tó fẹ́ Táíwò sọ pé àwọn kò lè mú Kẹ́hìndé mọ́ ọn."

"Wọ́n á ya ìbejì, Mà?"

"Ṣé inú mi dùn sí i ni? Mo ti gbàdúrà títí orúnkún mi fi bó."

Ọ̀rọ̀ náà gún Tolúwanimí lọ́kàn. Ó ní, "Mà, àwọn àgbà ọdẹ máa ń sọ pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá fi tọrẹ láyé ní òjìji nínú Igbó Ìrántí. Ó dá mi lójú pé ọrọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá." Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un, Tolúwanimí sì lọ.

Nígbà tó rìn dé àárín igbó náà, níbi tí àwọn igi ti ń mí bí ènìyàn, ó rí ẹ̀dá kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà. Etí ẹ̀dá náà méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì fi wọ́n bora bí aṣọ. Òkè kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò jìnnà rárá.

"Bàbá, ẹ ràn mí lọ́wọ́," ni Tolúwanimí wí, "ìyà ń jẹ wá nílé, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Bó ti sọ ọ́ tán, ọ̀nà náà nà, òkè náà sì sún sẹ́yìn. Ó tún bẹ̀bẹ̀, ọ̀nà tún nà. Ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú omijé, òkè náà di ohun tí ojú ń rí bí ìkùukùu.

Ẹ̀dá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti sọ ohun tí o fẹ́ fún mi, o kò tíì bi mí bí mo ṣe jí. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe nílé yín nìyẹn?"

Ojú ti Tolúwanimí. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó, ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dá náà ní Elétí ni òun ń jẹ́, pé òun ń retí àbúrò òun tó gba ọ̀nà yẹn lọ tí kò padà, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè kúrò níbẹ̀. Tolúwanimí gbọ́ ọ láti ìgbà tí oòrùn wà ní ìlà-oòrùn títí ó fi dé àtàrí, kò sì sọ ti ara rẹ̀ rárá. Nígbà tó gbé ojú sókè, òkè náà ti dé iwájú rẹ̀.

"Máa lọ," ni Elétí wí. "Bí o bá rí àbúrò mi, sọ fún un pé mo ṣì wà níbi."

Lẹ́yìn òkè náà ni pápá kan wà, àwọn ẹrù sì kún inú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní: iṣu, aṣọ, ìkòkò, àga, gbogbo wọn ń sunkún wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá arúgbó kan ń rìn láàárín wọn, irun rẹ̀ funfun bí ìgbà tí òwú bá là lóko.

"Ta ni o máa ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀?" ni ìyá náà bi í.

"Àwọn ọlọ́rọ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló ti ń fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀, Ìyá, n kò rántí orúkọ wọn." Nígbà náà ni páànù kan pariwo láti ẹ̀gbẹ́ kan: "Èmi mọ̀ ọ́n! Láwòyín alágbẹ̀dẹ ní kí wọ́n fi mí bo ilé ìdáná àwọn ọmọ. Orí pálọ̀ àlejò ni ọkùnrin yìí kàn mí mọ́. Òjò ṣì ń pa àwọn ọmọ nídìí ààrò!"

Òótọ́ ni. Ó fẹ́ kí àwọn àlejò ńlá rí ilé tó dára ni. Lẹ́yìn náà ni ẹní kan sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Morádékẹ́ ló hun mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó padà lọ sọ fún un bóyá ọmọ kankan sùn lé mi."

Tolúwanimí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Ní igun ẹní náà, ẹnì kan ti fi òwú pupa ya ẹja kékeré kan. Ó kúnlẹ̀, nítorí ó mọ ẹja náà.

"Ọdẹ ni ọ́," ni ìyá arúgbó wí. "Bí o bá yá ajá ẹnì kejì rẹ, tí o sì pa ẹran, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa gbé itan kan lọ fún ẹni tó ni ajá. Mo sì máa jókòó tì í, kí n sọ bí ajá rẹ̀ ṣe sáré, ibi tó ti gbó, àti bó ṣe lé ẹran náà jáde."

"Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"N kò ní rí ajá yá mọ́, Ìyá." Bó ti sọ ọ́ ló gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kò béèrè ọrọ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ fi ọ̀nà ilé hàn mí."

Bó ti ń padà, ó yà sọ́dọ̀ Elétí, ó sọ fún un pé òun kò rí àbúrò rẹ̀. Ó pa ẹtu kan lọ́nà, ó sì gbé itan rẹ̀ lọ sí ilé Morádékẹ́ ahunní.

"Ẹ kú ilé o, Mà."

Ìyá náà kò gbójú kúrò lára ẹní òré tó ń hun. "Tolúwanimí, àbí? Kí ló tún kù tí ẹ kò ní? Iyọ̀ ni àbí ọṣẹ?"

"N kò wá tọrọ, Mà. Mo wá jábọ̀ ni."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé ara rẹ yá ṣá?"

Ó gbé ẹran kalẹ̀, ó béèrè bí orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún ṣe rí, ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Mà, ẹní kan wà tí ẹ fi òwú pupa ya ẹja sí nígun. Orí rẹ̀ ni mo sùn nígbà èwe mi. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń fi ìka tọ ẹja náà títí oorun á fi gbé mi lọ."

Ọwọ́ Morádékẹ́ dúró. "Ọmọ inú mi ni mo hun ún fún," ni ó wí. "Ọmọ náà kò dúró. N kò lè máa wo ẹní náà, n kò sì lè sun ún níná, ni mo bá gbé e fún Dọ́káàsì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá, mo máa ń retí kí ẹnì kan sọ pé ọmọ báyìí ló sùn lé e. Ẹ̀yin á sì sọ pé ẹ kò ní ọṣẹ." Ó fi ọwọ́ kan ojú ọdẹ náà. "Ṣé ó gbà ọ́?"

"Ó gbà mí, Mà, títí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta."

Wọ́n jọ sunkún. Nígbà tó dìde láti máa lọ, tí kò sì béèrè ohunkóhun, ìyá náà ní kí ó padà jókòó. "Mélòó ni wọ́n báyìí? Dárúkọ wọn fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀dọ̀ Láwòyín ló gbà lọ láti ibẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ páànù. Láwòyín bínú, ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi jáde. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù wá láti tú páànù náà, kí ó fi bo ilé ìdáná, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání pé kí ó wá wo àwọn ọmọ. Báyìí ni Tolúwanimí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń jábọ̀, tó ń gbọ́ tiwọn, tó sì ń ṣe ohun tó bá ṣèlérí. Àwọn ilẹ̀kùn tó ti tì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Nígbà tí Ìkórè dé, kò sí ọmọ tí wọ́n pín. Àwọn ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹní tuntun lábẹ́ apá. Táíwò àti Kẹ́hìndé wà láàárín wọn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ẹja pupa sì wà ní igun ẹní àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó iṣẹ́ àánú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ tó kọ lẹ́tà mìíràn, ẹ dìde lọ sí ilé ẹnì kan tó ti fún yín rí. Ẹ gbé ìròyìn dání, kí ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ẹnì kan lè wà ní ìlú yín lónìí tó ti ń retí láti ọgbọ̀n ọdún, pé kí ẹ ṣáà sọ fún òun pé ọmọ náà sùn.